Tẹmọ́mítà Onídíjítà Olówó Pọ́ọ́kú fún Ààrò àti Iná: Èwo Ni Ká Rà, Báwo La Ṣe Ń Dán An Wò?

Àwọn oníbúrẹ́dì l'Ógbómọ̀ṣọ́, àwọn tó ń yan kaṣú, àwọn tó ń yọ́ alumíníọ́mù fi rọ ìkòkò, títí kan àwọn ọmọ Yunifásítì LAUTECH tó ń kọ́ ààrò kékeré fún iṣẹ́ àṣekágbá wọn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé wá: mítà ìgbóná wo ni kí àwọn rà tí kò ní gbọ́n owó lọ́wọ́ àwọn? Ó pẹ́ tí mo ti ń tún ààrò ṣe nílùú yìí, oríṣiríṣi mítà ni mo sì ti bá lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má kó gbogbo owó yín lé mítà. Wáyà tó ń wọnú iná ni kí ẹ náwó lé. Mítà tí kò wọ́n, tí wáyà rẹ̀ dára, yóò sọ òótọ́ fún yín ju mítà olówó gegere tí wáyà rẹ̀ kò ka nǹkan kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí inú ibẹ̀ ni gbogbo àyẹ̀wò tí mo máa sọ nísàlẹ̀ ti wá. Ní 1821, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì kan, Thomas Seebeck, so irin oríṣi méjì pọ̀, ó mú ojú ibi tí wọ́n ti pàdé gbóná, ó sì rí i pé abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì tó wà nítòsí yí. Iná mànàmáná kékeré ló ń jáde látinú irin méjèèjì, òun ló fa abẹ́rẹ́ náà. Ohun tí wọ́n ń pè ní thermocouple kò ju ìyẹn lọ: wáyà méjì tí irin wọn yàtọ̀, tí wọ́n jó pọ̀ lẹ́nu. Oríṣi tó kún ọjà wa ni K. Ẹsẹ̀ kan jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi krómíọ́mù lú, èkejì jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì tó ní alumíníọ́mù díẹ̀ nínú. Fún dígírì Celsius kan tí ẹnu wáyà bá fi gbóná ju ìdí rẹ̀ lọ, iná tó ń jáde kò ju nǹkan bí ìdá 41 nínú mílíọ̀nù fóòtì kan lọ. Iná tó kéré báyìí ni mítà ń kà.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí mo sọ yẹn: bí ẹnu ṣe gbóná ju ìdí lọ. Wáyà kò mọ ìgbóná ààrò fúnra rẹ̀, ìyàtọ̀ nìkan ló mọ̀. Mítà fúnra rẹ̀ ló ń wọn ìgbóná ibi ihò tí a ki wáyà bọ̀, tó sì ń fi kún un. Ìdí nìyí tí mítà tí wọ́n gbé lé orí ààrò, tàbí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú ọkọ̀ tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀, fi máa ń ṣì í kà. Ẹ gbé e síbi tútù, kí ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Èyí tí ẹ máa bá lọ́jà

Èyí tó rọjú jù ni mọ́ltímítà tí àwọn oníná ń lò, tó ní ojú ìgbóná lára, bíi DT838. Ẹ má ṣì í mú o: DT830 tó jọ ọ́ kò ní ojú ìgbóná, ọ̀pọ̀ ló sì ti gbé e délé kó tó mọ̀. DT838 ń ka dígírì kọ̀ọ̀kan títí dé 1000. Fún ẹni tó ní mọ́ltímítà yìí tẹ́lẹ̀, kò sídìí láti ra òmíràn kó tó dán èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wò. Àléébù rẹ̀ ni pé ihò rẹ̀ máa ń dẹ̀ bó bá pẹ́, nọ́ńbà á wá máa fò sókè sódò.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mítà oníhò kan tí kò níṣẹ́ míì ju ìgbóná lọ. TM-902C ló wọ́pọ̀ jù nínú irú yìí: bátìrì onífóòtì 9, nọ́ńbà gàdàgbà, ó ń kà láti 50 ní ìsàlẹ̀ òdo dé 1300. Tí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo fún oníbúrẹ́dì tàbí ẹni tó ń yan kaṣú, òun ni. Ẹ kàn yí i síṣẹ́ ni, kò sí bọ́tìnnì tí ọmọ iṣẹ́ máa ṣì tẹ̀.

Àwọn oníhò méjì bíi UT320D, tàbí oníhò mẹ́rin bíi HT-9815, wọ́n jù ú lọ. Ẹni tí ààrò rẹ̀ tóbi ni wọ́n wúlò fún. Ààrò alámọ̀ tí wọ́n ń fi igi dá kì í gbóná dọ́gba: ẹ̀yìn lè máa jó búrẹ́dì nígbà tí ẹnu ọ̀nà ṣì ń se é ní fùlẹ̀fùlẹ̀. Ẹ ki wáyà kan sẹ́yìn, kan síwájú, ẹ ó rí ìyàtọ̀ náà lójú kan náà. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ẹnu wáyà méjèèjì tó wà níhòòhò kan irin ààrò papọ̀, nítorí nínú àwọn mítà kan ihò méjèèjì so mọ́ra nínú, ọ̀kan á wá máa da èkejì láàmú. UT320D tún ń ka oríṣi J, ìyẹn thermocouple míì tí irin rẹ̀ yàtọ̀ sí ti K. Bí wọ́n bá fi í sí J nígbà tí wáyà jẹ́ K, irọ́ ni gbogbo nọ́ńbà tó máa jáde.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á béèrè nípa ìbọn ìwọn-ìgbóná tí wọ́n ń yìn, tí iná pupa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń yìn sí wa níwájú orí nígbà kòrónà kò wúlò fún ààrò rárá, ìgbóná ara èèyàn nìkan ló mọ̀. Ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wúlò fún ògiri ààrò, fún pákó, fún ara rọ́bà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yìn ín sí alumíníọ́mù tó ń dán, nọ́ńbà tó máa gbé wá á kéré jìnnà sí òótọ́, torí irin tó ń dán kì í tú ooru jáde bí ohun dúdú ṣe ń tú u. Ẹ̀rọ náà ò mọ ìyàtọ̀. Arọ̀kòkò tó bá gbára lé e lórí irin yíyọ́ ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Wáyà

Níbí ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ jù. Wọ́n á kọ 1300 gàdàgbà sára páálí, òótọ́ sì ni pé mítà lè ka 1300. Ṣùgbọ́n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá a wá nínú páálí, ibi tí awọ rẹ̀ lè fara dà kì í sábà ju 250 lọ bó bá jẹ́ awọ rọ́bà funfun tó ń yọ̀. Èyí tí wọ́n fi òwú onígíláàsì hun lè dé bíi 400. Kọjá ibẹ̀, awọ á jó, wáyà méjèèjì á fara kanra níbi tí kò yẹ, mítà á wá máa ka ìgbóná ibi tí wọ́n ti kanra náà dípò ti ẹnu. Kò ní kú o, á ṣì máa gbé nọ́ńbà jáde, ìyẹn ló sì léwu níbẹ̀.

Fún búrẹ́dì tí ààrò rẹ̀ wà láàárín 180 sí 230, ẹ ra olówùú gíláàsì. Fún ọ̀rá dídín àti fún gígún sínú búrẹ́dì fúnra rẹ̀ (inú búrẹ́dì tó ti jiná máa ń tó bíi 95), ẹ ra èyí tó wà nínú ọ̀pá irin tí kì í dípẹtà, tó ní ẹnu ṣóńṣó. Ó lọ́ra díẹ̀ láti ka nǹkan, ṣùgbọ́n ó ṣeé fọ̀. Àwọn tó ń rọ ìkòkò, tiyín yàtọ̀. Alumíníọ́mù ń yọ́ ní 660, ẹ sì máa ń mú un kọjá 700 kí ẹ tó dà á. Ọ̀pá irin lè fara da ìgbóná yẹn nínú atẹ́gùn, ṣùgbọ́n alumíníọ́mù tó ti yọ́ máa ń jẹ irin. Bí ẹ bá fi ọ̀pá irin lásán sílẹ̀ nínú rẹ̀, á tín-ín-rín, á sì lu. Èyí tó ní àpò amọ̀ líle tó ti jóná ni kí ẹ béèrè. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́, ẹ dúró kí nọ́ńbà dákẹ́, ẹ yọ ọ́ kíá.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan tún wà tí mo ń bá pàdé lọ́pọ̀ ààrò: wáyà kò gùn tó, wọ́n wá fi wáyà iná lásán so ó gùn. Bàbà kì í ṣe K. Ká ní ibi tí wọ́n ti so ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ààrò tó gbóná tó 60, tí mítà wà níbi tí ó jẹ́ 30. Nọ́ńbà tó máa jáde á fi 30 dín sí òótọ́. Ààrò wà ní 220, mítà ní 190, oníbúrẹ́dì á ki igi sí i, búrẹ́dì á jó. Wáyà K gígùn ni kí ẹ fi so K, kí ẹ má sì yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ mú òòfà kékeré àti kílíìpù ìwé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, yálà ní Tàkíè l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí ni o tàbí níbòmíì. Ẹ yọ wáyà kúrò lára mítà: nínú ọ̀pọ̀ mítà, ojú rẹ̀ á sọ pé òun kò rí nǹkan kan, ì báà jẹ́ OL, ì báà jẹ́ 1 nìkan. Ẹ wá na kílíìpù, kí ẹ fi so ihò méjèèjì pọ̀. Mítà tó dára á fi ìgbóná ṣọ́ọ̀bù náà hàn yín, bíi 28 sí 32 lọ́pọ̀ ọjọ́ níbí. Bó bá gbé 45 wá, ẹ dá a padà fún wọn. Àyẹ̀wò yìí kò gba ìṣẹ́jú kan, òun ni mo sì gbà pé ó ṣe pàtàkì jù, torí ó ń dán mítà wò láìsí wáyà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi òòfà kan wáyà níbi tó ti wà níhòòhò. Nínú K, ẹsẹ̀ kan ni òòfà máa ń fà, kì í fa èkejì, èyí tó fà sì ni ẹsẹ̀ òdì (−). Bí kò bá fa ìkankan, wáyà yẹn kì í ṣe K. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ẹnu wáyà sínú ife tíì gbígbóná. Bí nọ́ńbà bá ń lọ sílẹ̀ dípò kó gòkè, wọ́n ti ki púlọ́ọ̀gì sódì. Ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì tó fẹ̀ jù ni òdì.

Bí ẹ bá délé

Ẹ ra omi dídì, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kí ẹ kún ife dé ẹnu, kí ẹ wá da píọ̀ wọ́tà tútù sí i kí ó kàn dí àlàfo. Omi dídì ni kó pọ̀ jù, kì í ṣe omi. Ẹ rò ó, ẹ ki ẹnu wáyà sí àárín gbùngbùn, ẹ má jẹ́ kó kan ìdí ife. Ó gbọ́dọ̀ ka òdo, tàbí kó fi dígírì méjì yàtọ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Wáyà K lásán fúnra rẹ̀ láyè àṣìṣe dígírì 2.2, kódà bó jẹ́ ojúlówó.

Omi híhó ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì kan gbé mítà tuntun wá bá mi, inú bí wọn gidi. “Wọ́n ti tà á fún mi ní gbàǹjo, omi ń hó yaya, 99 ló ń kà.” Mo ní, “Mọ̀mọ́, mítà yín ò ṣẹ̀.” Ẹ̀bá òkun ni omi ti ń hó ní 100. Ògbómọ̀ṣọ́ fi bíi 350 mítà ga ju òkun lọ, dígírì kan sì ń dín ní bíi 300 mítà kọ̀ọ̀kan. Níbí, omi ń hó ní nǹkan bíi 98.8. Mítà tó bá fi 100 gééré hàn yín lórí iná l'Ógbómọ̀ṣọ́ ti fi dígírì kan ṣì í. Wọ́n gbé mítà wọn, wọ́n lọ, wọ́n ṣì ń lò ó.

Bí òdo àti omi híhó bá fi iye kan náà yẹ̀ sápá kan náà, bíi pé méjèèjì fi 3 lé, mítà ló ń ṣì í. Ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ kí ẹ máa yọ 3. Bó bá jẹ́ pé òdo pé, tí omi híhó wá yẹ̀ gan-an, ẹ pààrọ̀ wáyà kí ẹ tó bínú sí mítà.

Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kọjá omi híhó, ẹ gba lẹ́ẹ̀dì tí oníréédíò fi ń jó wáyà, èyí tí wọ́n kọ 63/37 tàbí 60/40 sí lára. Ẹ yọ́ díẹ̀ nínú ìdérí agolo níta gbangba, ẹ ki ẹnu wáyà bọ̀ ọ́, ẹ gbé e kúrò lórí iná. Nọ́ńbà á máa já bọ̀: 220, 210, 195. Tó bá dé ọ̀dọ̀ 183, á dúró sójú kan fún ìgbà díẹ̀ bí lẹ́ẹ̀dì ṣe ń dì, kó tó tún máa lọ sílẹ̀. Ibi tó dúró sí yẹn ni kí ẹ fi wé 183. Ẹ tún un yọ́ kí ẹ tó fa wáyà jáde. Òjé wà nínú rẹ̀, májèlé sì ni: wáyà tí ẹ bá fi ṣe èyí kò gbọ́dọ̀ kan oúnjẹ mọ́ láéláé.

Àwọn tó ń pa ẹyin adìyẹ nínú ẹ̀rọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra èyíkéyìí nínú àwọn mítà yìí fún un. Ẹyin ń fẹ́ 37.5, àṣìṣe dígírì méjì lè pa gbogbo rẹ̀. Pé mítà ń ka ìdá mẹ́wàá dígírì lójú kò sọ pé ìdá náà jẹ́ òótọ́.

Bí ààrò yín bá jẹ́ oníná mànàmáná, ẹ pa iná kí ẹ tó fi ẹnu wáyà tó wà níhòòhò kan ibi tí irin agbóná wà. Iná lè gba ara wáyà bọ́ sí mítà ọwọ́ yín. Ẹ máa yọ bátìrì bí ẹ ò bá lò ó fún ìgbà pípẹ́, torí bátìrì tó ti ń kú máa ń yí nọ́ńbà padà kí mítà tó pa. Tí ẹnu wáyà bá sì já, ẹ má tíì sọ ọ́ nù: ẹ gé ibi tó jóná kúrò, ẹ bó awọ díẹ̀, ẹ lọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ dáadáa lẹ́nu, kí ẹ tún fi omi dídì dán an wò.