Record Macro inú Excel fún àwọ̀ ìkìlọ̀ lórí ìwé ọjà: ó dáa, àmọ́ ẹ má lò ó bó ṣe wà

Láti Balógun dé Ìdúmọ̀tà, títí kan àwọn ọ́fíìsì kéékèèké tó wà ní Yábàá àti Ìkẹjà, Excel ni ọ̀pọ̀ ìṣọ́ọ̀bù fi ń tọ́jú ìwé ọjà. Ìbéèrè tí ọ̀gá ìṣọ́ọ̀bù máa ń bi akọ̀wé kò sì ju méjì lọ: ọjà wo ló ń tán lọ, ta ló jẹ wá lówó tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá? Conditional Formatting, ohun èlò Excel tó ń tẹ̀ lé òfin láti kun sẹ́ẹ̀lì, ló ń fi àwọ̀ dáhùn méjèèjì. Tí ṣíìtì bá wá di méjìlá, ọ̀kan fún oṣù kan, kò sẹ́ni tó fẹ́ máa fọwọ́ ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Ibẹ̀ ni Record Macro ti ń wọlé: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ dá a dúró, ó yẹ kí kóòdù tó kọ, tí wọ́n ń pè ní macro, lè máa tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Nínú márùn-ún, mẹ́ta la fún un. Inú Excel orí kọ̀ǹpútà ló wà, ẹ ò ní san owó kankan lé e, ó sì ń kọ kóòdù tó péye ju èyí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ VBA, èdè kóòdù inú Excel, lè fúnra rẹ̀ kọ. Ohun tó gba àmì méjì lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé ó dà bí akọ̀wé kóòtù: gbogbo ohun tọ́wọ́ yín ṣe ló ń kọ sílẹ̀, kì í kọ ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn.

Ẹ máa rí i lábẹ́ View, Macros, Record Macro. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ táàbù Developer, tí kì í hàn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sí File, Options, Customize Ribbon, kẹ́ ẹ fi àmì sí Developer. Orúkọ macro ò gbọdọ̀ ní àlàfo nínú. Níbi tó ti béèrè ibi tí yóò gbé e sí, This Workbook ni kẹ́ ẹ mú. Ẹni tó bá mú Personal Macro Workbook ti gbé e sínú PERSONAL.XLSB tó wà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan. Fáìlì tó bá fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ní Erékùṣù Èkó á débẹ̀ láìsí macro kankan nínú rẹ̀. Ẹ sì fi .xlsm pa fáìlì mọ́. Tẹ́ ẹ bá fi .xlsx pa á mọ́, Excel á kìlọ̀ fún yín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti tẹ Yes, macro ti lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé ìṣọ́ọ̀bù léèsì àti ańkárá: B ni orúkọ ọjà, D ni iye tó kù, F ni ọjọ́ tí oníbàárà gbé ọjà láwìn. A fẹ́ kí ìlà pọ́n tí D bá kéré sí 5. Ẹni tó bá yan D2 dé D120 tó sì lo Less Than (kéré sí) inú Conditional Formatting á bá ohun tó jọ èyí nígbà tó bá tẹ Alt+F11:

Range("D2:D120").Select
Selection.FormatConditions.Add Type:=xlCellValue, Operator:=xlLess, Formula1:="=5"
Selection.FormatConditions(Selection.FormatConditions.Count).SetFirstPriority
With Selection.FormatConditions(1).Font
    .Color = -16383844
    .TintAndShade = 0
End With

Lẹ́yìn èyí ni Interior pẹ̀lú 13551615, àti StopIfTrue = False. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn dẹ́rù bà yín. 13551615 ni RGB(255, 199, 206), ìyẹn iye pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù inú rẹ̀: pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí Excel máa ń fi sí ẹ̀yìn. -16383844 náà ni pupa dúdú RGB(156, 0, 6). Ẹ fi RGB rọ́pò wọn, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín lè kà á.

Àléébù àkọ́kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ Add. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ macro yẹn ló ń fi òfin tuntun kún ti tẹ́lẹ̀. Kì í rọ́pò rẹ̀. Akọ̀wé tó ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ á ní òfin bí ọgbọ̀n, ọ̀kan náà ṣáá, lórí D lópin oṣù, fáìlì á wúwo, á sì máa rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀. Láyé Excel 2003, òfin mẹ́ta péré ni sẹ́ẹ̀lì kan lè gbà, ẹ̀ṣẹ̀ yìí tètè máa ń hàn. Láti 2007 ni ààlà yẹn ti kúrò, kò wá sí ohun tó ń dá a dúró mọ́. Oògùn rẹ̀ ò ju ìlà kan lọ, kó wà ṣáájú Add: FormatConditions.Delete. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, gbogbo òfin tó wà lórí ibi tẹ́ ẹ yàn ló ń nù, títí kan èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ ṣe.

Ìkejì ni SetFirstPriority. Ó ń gbé òfin tuntun sí ipò kìíní, ìyẹn ló fi jẹ́ pé FormatConditions(1) ni àwọn ìlà tó kù ń pè. Tẹ́ ẹ bá gba òfin mẹ́ta sílẹ̀, èyí tẹ́ ẹ ṣe kẹ́yìn ló máa borí. Àwọn kan á wá yọ SetFirstPriority kúrò láti tún ètò yẹn ṣe, wọ́n á sì fi (1) sílẹ̀. Àwọ̀ tuntun á lọ bọ́ sára òfin àtijọ́, òfin tuntun ò sì ní ní àwọ̀ kankan. Ẹ dá orúkọ fún òfin náà, ẹ ò ní nílò kíkà ipò mọ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀, fc, ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ìkẹta ló le jù, òun ló sì ń jẹ́ káwọn èèyàn sọ pé Excel ti ya wèrè. Kí gbogbo ìlà tó lè pọ́n, láti A dé F, fọ́múlà lẹ gbọ́dọ̀ lò: =$D2<5. Excel kì í ka 2 yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ibi tẹ́ ẹ yàn. Láti ara sẹ́ẹ̀lì tó wà lójú iṣẹ́ (active cell, ibi tí kọ́sọ̀ dúró sí) nígbà tí Add ń ṣiṣẹ́ ló ti ń kà á. Ká ní ẹ ti yọ Select kúrò nínú kóòdù, tí òfin sì ń lọ sórí A2:F120, àmọ́ tí kọ́sọ̀ dúró sí A40. Excel á gbà pé “ìlà tó fi méjìdínlógójì wà lókè mi” lẹ ní lọ́kàn. Ìlà 40 á wá máa gba àwọ̀ tó tọ́ sí ìlà 2. Ìlà 2 alára á wo òkè, kò ní rí ìlà kankan níbẹ̀, á yípo lọ sísàlẹ̀ ṣíìtì. Tẹ́ ẹ bá tẹ A2 kẹ́ ẹ tó ṣí Manage Rules, =$D1048540<5 lẹ máa bá níbẹ̀, torí pé ìlà 1,048,576 ni ṣíìtì Excel ní. Nọ́ńbà gàgàrà bẹ́ẹ̀ nínú òfin, ìtumọ̀ kan ló ní: sẹ́ẹ̀lì tó yàtọ̀ ló wà lójú iṣẹ́.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó fi kọ́sọ̀ yan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè nígbà tó ń gbà á sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí Range("F120").Activate lábẹ́ Range("A2:F120").Select, ẹ tún un gbà, láti òkè wá sílẹ̀.

Ìkẹrin ò gba àlàyé púpọ̀: D120 ni ẹ yàn, D120 ló kọ. Ọjà tó bá wọlé sí ìlà 121 ò ní àwọ̀ láéláé.

Kóòdù tó yanjú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyí:

Sub AwoOja()
    Dim r As Range, fc As FormatCondition, n As Long
    n = Cells(Rows.Count, "B").End(xlUp).Row
    If n < 2 Then Exit Sub
    Set r = Range("A2:F" & n)
    r.Select
    r.FormatConditions.Delete
    Set fc = r.FormatConditions.Add(Type:=xlExpression, _
        Formula1:="=AND($D2<>"""",$D2<5)")
    fc.Interior.Color = RGB(255, 199, 206)
    fc.Font.Color = RGB(156, 0, 6)
End Sub

Iṣẹ́ r.Select ni láti gbé A2 sójú iṣẹ́. Ẹ má yọ ọ́. AND wà níbẹ̀ nítorí pé òdo ni fọ́múlà ka sẹ́ẹ̀lì òfìfo sí, òdo sì kéré sí 5, ni ìlà tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ nǹkan sí bá pọ́n. Àmì ìfàyọ mẹ́rin tó tò tẹ̀ léra yẹn kì í ṣe àṣìkọ: nínú VBA, méjì ló ń dúró fún ọ̀kan.

Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì kẹ́ ẹ tó dán an wò, torí Ctrl+Z kì í dá iṣẹ́ macro padà. Ẹ fi kọ́sọ̀ sáàárín kóòdù, kẹ́ ẹ máa tẹ F8, á máa lọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Ctrl+G, ẹ kọ ? Cells.FormatConditions.Count, kẹ́ ẹ tẹ Enter. Tẹ́ ẹ bá tún macro tẹ̀, iye yẹn ò gbọdọ̀ yí padà.

Nígbà míì, kóòdù ò ní ẹ̀ṣẹ̀, ohun tó wà nínú ìwé ló bàjẹ́. Tí ẹni tó ń ta ọjà bá kọ “12 yáàdì” sínú D, ọ̀rọ̀ ni Excel kà á sí, ọ̀rọ̀ sì máa ń ju nọ́ńbà lọ lójú Excel. Bó kọ “2 yáàdì” pàápàá, kò ní pọ́n. Ẹ kọ nọ́ńbà nìkan, kẹ́ ẹ tẹ Ctrl+1, Number, Custom, kẹ́ ẹ fi 0 "yáàdì" síbẹ̀. Yáàdì á hàn, nọ́ńbà á ṣì jẹ́ nọ́ńbà. Bákan náà ni owó tí wọ́n dà kọ láti ibòmíràn pẹ̀lú ₦ níwájú rẹ̀: ẹ fi Ctrl+H yọ ₦, kẹ́ ẹ yan kọ́lọ́ọ̀mù náà, Data, Text to Columns, Finish. =ISNUMBER(D2) lẹ máa fi mọ̀ bóyá ó ti gbà.

Ti ọjọ́ burú ju ìyẹn lọ. Fún awìn tó ti lé ní ọgbọ̀n ọjọ́, =AND($F2<>"",TODAY()-$F2>30) ló tọ́. Ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà bá wà lórí ètò Amẹ́ríkà, tó ń fi oṣù ṣáájú ọjọ́, 03/04 tẹ́ ẹ kọ á di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, 13/04 á sì di ọ̀rọ̀ lásán, nítorí kò sí oṣù kẹtàlá. Onígbèsè oṣù kẹrin á kàn jókòó síbẹ̀ láìní àwọ̀.

Àwọn tó ra láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Computer Village, ẹ tẹ́tí síbí. Òmíràn á ṣì wà lórí ètò Jámánì, kódà bí ojú rẹ̀ bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lórí ètò yẹn, àmì ; ló ń pín inú fọ́múlà, kì í ṣe kọ́mà. Ọ̀pọ̀ ohun inú VBA kò bìkítà, àmọ́ Formula1 ti Conditional Formatting ń tẹ̀ lé ètò ibi tí kọ̀ǹpútà wà. Macro tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní Yábàá á gbé Run-time error '5' jáde lórí ẹ̀rọ yẹn, ní ìlà Add gan-an. Ẹ lọ sí Control Panel, Region, Formats, kẹ́ ẹ mú English (United Kingdom), ẹ pa Excel dé, kẹ́ ẹ tún un ṣí. Ọjọ́ náà á tò bó ṣe yẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ 1004 lẹ rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n fi Protect Sheet ti ṣíìtì ni: ẹ kọ ActiveSheet.Unprotect sókè kóòdù, ActiveSheet.Protect sísàlẹ̀ rẹ̀.

Láti 2022 ni Microsoft ti ń dínà macro inú fáìlì tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Fáìlì tẹ́ ẹ wà sílẹ̀ láti WhatsApp Web tàbí ímeèlì lè gbé ìlà pupa jáde, láìsí bọ́tìnnì Enable. Ẹ pa á dé, ẹ fi ọ̀tún tẹ fáìlì náà, Properties, ẹ fi àmì sí Unblock, OK. Fáìlì ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ nìkan o.

Google Sheets náà ní tirẹ̀, lábẹ́ Extensions, Macros, Record macro. Lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀, kò tó ti Excel. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yí ohun kan padà nínú pátákó òfin ló ń kọ ọ́, ẹ ó wá bá push (àṣẹ tó ń fi òfin kún àkójọ) àti splice (èyí tó ń pààrọ̀ rẹ̀) rẹpẹtẹ fún òfin kan ṣoṣo. Ẹ ṣí Apps Script, ibi tí kóòdù Sheets wà, kẹ́ ẹ fi òfin ìkẹyìn sínú push kan, kẹ́ ẹ fi setConditionalFormatRules kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi àkójọ òfìfo, [], bẹ̀rẹ̀ dípò getConditionalFormatRules, kí òfin má baà máa pọ̀ sí i. Ó ń béèrè àṣẹ nígbà àkọ́kọ́, ìyẹn ò burú.

Ọ̀gá tó ń wo ìwé lórí fóònù kò lè tẹ macro, yálà ti Excel tàbí ti Sheets. Excel orí íntánẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣiṣẹ́ VBA. Òfin àwọ̀ tí macro ti kọ sínú fáìlì ò sì ní lọ ibì kankan. Kí akọ̀wé tẹ macro lórí kọ̀ǹpútà kó tó fi ránṣẹ́, pupa á hàn lórí fóònù, TODAY() á sì máa ka ọjọ́ awìn lọ fúnra rẹ̀.