A1GP 2005 àti Formula E 2014: Èwo Ni Sáà Àkọ́kọ́ Rẹ̀ Dùn Jù?

Ìdíje eré-ìje ọkọ̀ ni A1GP àti Formula E; ọkọ̀ oníbátìrì ni ti Formula E. Ní sáà àkọ́kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, irú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo awakọ̀ inú ìdíje náà wà. A1GP bẹ̀rẹ̀ ní Brands Hatch, oṣù kẹsàn-án 2005: ara ọkọ̀ Lola, ẹ́ńjìnnì Zytek V8 lítà 3.4, táyà Cooper. Orílẹ̀-èdè ló bára wọn díje, eré méjì lọ́jọ́ Sunday kan. Faransé ló gbé ife.

Formula E ló ta yọ lójú wa, nítorí ó ní ìṣirò nínú. Bátìrì Williams tó wà nínú ọkọ̀ sáà náà, Spark-Renault SRT_01E, 28 kWh (ìwọ̀n iná tó wà nínú bátìrì) péré ni awakọ̀ lè lò nínú rẹ̀. Kò lè gbé eré dé òpin, nítorí náà nígbà yẹn, awakọ̀ máa ń bọ́ sínú ọkọ̀ kejì láàárín eré. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ jù níbẹ̀rẹ̀, iná á tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Agbára 200 kW ni wọ́n fi du ipò ìbẹ̀rẹ̀ ní sáà náà, 150 kW fún eré gan-an.

Ní Beijing, níbi eré àkọ́kọ́ Formula E, kọ́nà ìkẹyìn ni awakọ̀ méjì tó wà níwájú, Nicolas Prost àti Nick Heidfeld, ti forí gbárí. Lucas di Grassi kọjá wọn, ó sì borí. Àmì-ayò kan ṣoṣo, 144 sí 143, ni Nelson Piquet Jr. fi gba ife sáà náà mọ́ Sébastien Buemi lọ́wọ́. Piquet Jr. kan náà ló borí eré àkọ́kọ́ A1GP fún Brazil!