Google Drive fún ìwé iṣẹ́ ẹgbẹ́ róbọ́ọ̀tì: ìràwọ̀ 4 nínú 5

Google Drive, ibi tí Google ti ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni èmi àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ róbọ́ọ̀tì tí mò ń kọ́ fi ń gbé ìwé iṣẹ́ wa síwájú àwọn adájọ́, mi ò sì tíì rí ìdí tí màá fi pa á tì. Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un. Màá sọ ìdí tí mo fi yọ ọ̀kan.

Fún ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń lọ: nínú VEX, ìdíje róbọ́ọ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ tó bá ń kọ notebook rẹ̀ (ìwé iṣẹ́ tó ń sọ bí wọ́n ṣe ṣe róbọ́ọ̀tì wọn) sórí kọ̀ǹpútà máa ń fi líǹkì rẹ̀ sórí RobotEvents, ìkànnì ìdíje náà, kí àwọn adájọ́ lè ṣí i kà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú notebook bẹ́ẹ̀ ná. Apá róbọ́ọ̀tì tí ẹgbẹ́ mìíràn ò tíì fojú rí ń bẹ níbẹ̀, kóòdù tí róbọ́ọ̀tì fi ń dá rìn ń bẹ níbẹ̀, ọgbọ́n tí wọ́n fẹ́ ta lórí pápá náà wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ojú wọn sì wà nínú àwòrán. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, iṣẹ́ ọpọlọ wọn sì ni. Kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Bí ẹ bá tẹ "Share" nínú Drive, ọ̀nà méjì ló máa fi hàn yín. "Restricted" ni pé ẹni tí ẹ bá fi í-meèlì rẹ̀ síbẹ̀ nìkan ló lè wọlé. "Anyone with the link" ni pé ẹnikẹ́ni tí líǹkì bá tẹ̀ lọ́wọ́ lè wọlé, Drive ò ní bi í léèrè pé ta ni ọ́. Ó wu ẹni kó yan ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n a ò mọ í-meèlì adájọ́, kò sì yẹ ká mọ̀ ọ́n. Bí adájọ́ bá bá ilẹ̀kùn ní títì, tó wá tẹ bọ́tìnnì tó fi ń tọrọ àyè, í-meèlì rẹ̀ á já sínú àpótí ẹni tó ni fáìlì. Adájọ́ àti ẹgbẹ́ ti mọra nìyẹn kí ìdájọ́ tó bẹ̀rẹ̀, èyí kò sì dáa fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nítorí náà, "Anyone with the link" là ń lò, a sì ń rí i dájú pé "Viewer" (ẹni tó kàn lè wò ó) ló wà níwájú rẹ̀, kì í ṣe "Editor" (ẹni tó lè yí i padà).

Líǹkì yẹn gùn, kò sẹ́ni tó lè méfò rẹ̀. Àmọ́ bíi kọ́kọ́rọ́ ilé ló rí: ẹni tí ẹ fún lè fún ẹlòmíràn, ilẹ̀kùn ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ ẹgbẹ́ róbọ́ọ̀tì fi sọ́kàn nìyí. Ààbò ìwé wa ò sí nínú líǹkì. Ó wà nínú ohun tí a kó sí ẹ̀yìn líǹkì náà, àti ìgbà tí a tì í pa.

Drive ní ibì kan nínú ètò "Share" tí ẹ ti lè gba agbára láti wà á jáde, láti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà àti láti dà á kọ lọ́wọ́ àwọn tó kàn ń wò ó. A máa ń lò ó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn sùn o, nítorí fóònù tó lè ya ojú kọ̀ǹpútà wà lápò gbogbo èèyàn.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ẹ̀dà ti adájọ́. Ìwé tí àwọn ọmọ ń kọ lójoojúmọ́ nínú Docs, ibi ìkọ̀wé ti Google, kọ́ là ń fi ránṣẹ́. PDF là ń ṣe láti inú rẹ̀. PDF ò gbé ìtàn àtúnṣe Docs dání, kò sì gbé gbólóhùn ẹ̀gbẹ́ ìwé tí àwọn ọmọ fi ń bá ara wọn jiyàn wá, àyàfi bí èèyàn bá fi síbẹ̀. Adájọ́ á kà á ní àlàáfíà. Ohun kan tí mo fẹ́ràn gidigidi lára Drive wà níbí: "Manage versions". Bí a bá rí àṣìṣe lójú ewé kan kí gbèdéke tó pé, a ó gbé PDF tuntun lé ti àtijọ́ lórí, líǹkì ò sì ní yí padà. A ò ní láti tún lọ fi líǹkì mìíràn sílẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo la sì ń fún wọn ní líǹkì rẹ̀, kì í ṣe fódà, torí bí ẹ bá ṣí fódà sílẹ̀, ohun tí ẹ bá jù sínú rẹ̀ lẹ́yìn náà ti bá a ṣí nìyẹn.

Kí PDF náà tó jáde, àwọn ọmọ méjì á jókòó tì í, wọ́n á máa wò ó lójú ewé lójú ewé. Ẹ wo ewé kan tó sọ̀rọ̀ nípa apá tó ń gbé nǹkan sókè: àwòrán rẹ̀ dára, ìṣirò rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọmọ tó di apá náà mú, pátákó ìkọ̀wé wà lára ògiri, orúkọ àwọn ọmọ àti nọ́ńbà fóònù òbí sì wà lára pátákó. Wọ́n gé àwòrán náà títí ó fi ku apá àti ọwọ́ tó dì í mú. Adájọ́ ò pàdánù ohunkóhun, apá yẹn ló fẹ́ rí. Ohun tí wọ́n kọ nípa ẹgbẹ́ mìíràn náà ni wọ́n máa ń gbé yẹ̀ wò. Ìdí tí a fi yan ọgbọ́n kan lè dúró. Pé ẹgbẹ́ báyìí ò mọ róbọ́ọ̀tì í wà, ìyẹn gbọ́dọ̀ jáde.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á tẹ gbogbo líǹkì tó wà nínú PDF, nítorí Drive ò lè ṣọ́ ohun tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ya àwòrán iṣẹ́ róbọ́ọ̀tì rẹ̀ sórí Onshape, ohun èlò ìyàwòrán orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ ètò "Free", kó mọ̀ pé ìta gbangba ni ìwé inú ètò yẹn wà. Ètò tí wọ́n ṣe fún ilé ẹ̀kọ́ gbà kí èèyàn fi tirẹ̀ pamọ́, òun là ń lò. Ní ti GitHub, ibi tí èèyàn ń kó kóòdù sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àyè àdáni níbẹ̀ kò gba owó, nítorí náà kò sídìí láti fi kóòdù sílẹ̀ ní gbangba kí ìdíje tó parí.

Ìràwọ̀ tí mo yọ rèé. Drive ò jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ aṣínà sórí líǹkì, kò sì jẹ́ kí n sọ fún líǹkì tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé pé kó ti ara rẹ̀ pa lọ́jọ́ kan pàtó. Dropbox, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Drive ń ṣe, ń ṣe méjèèjì fún àwọn tó sanwó. Ọ̀rọ̀ aṣínà ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀, torí adájọ́ tó ní ìwé rẹpẹtẹ láti kà lè má ráyè wá a kiri. Ọjọ́ ìparí ló dùn mí. Ìdíje á parí, gbogbo wa á máa yọ̀, líǹkì á sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nítorí náà, iṣẹ́ ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ ni: tí wọ́n bá ti kéde èsì, á wá bá mi, a ó jọ dá a padà sí "Restricted". Lójú mi ló ń ṣẹlẹ̀, torí lábẹ́ orúkọ àgbàlagbà ni fáìlì wà, kì í ṣe orúkọ ọmọ, nítorí ẹni tó bá wo fáìlì lè rí orúkọ ẹni tó ni ín.

Ẹ̀yin tí ilé ẹ̀kọ́ yín fún ní àkáǹtì Google, ẹ ṣọ́ra o. Ẹni tó ń bójú tó àkáǹtì lè ti dí ọ̀nà kí fáìlì má jáde síta, ẹ̀yin á sì máa rí i lójú tiyín pé ó ṣí. Ẹ lẹ líǹkì náà mọ́ ojú ewé àdáni nínú búráúsà, níbi tí ẹ ò ti wọlé sí àkáǹtì kankan. Bí ó bá ní kí ẹ wọlé, adájọ́ ò ní rí i kà. Ẹ ti bá alábòójútó sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ gbèdéke tó sún mọ́lé.