Kíá ni wọ́n fi ọ̀pá ìfètòsọ́mọbíbí sí mi lápá, yíyọ rẹ̀ ló dogun

"Ìyàwó, ṣé ọkọ ẹ mọ̀ pé o fẹ́ yọ ọ́?" Mi ò tíì jókòó tí nọ́ọ̀sì fi bi mí bẹ́ẹ̀.

Oṣù kẹjọ rèé tí nǹkan oṣù mi ti ń ṣe ségesège. Á wá fún ọjọ́ méjìlá, á lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, á tún dé. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Kò wojú mi. Bírò ló fi ń lu káàdì mi níbi tí wọ́n kọ ọdún márùn-ún sí. "Ọdún méjì péré lo tíì lò. Ẹ̀yin lẹ máa ń fi nǹkan ṣòfò." Ó ní kí n lọ mú ọkọ mi wá. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó pe ẹni tó kàn.

Mo sunkún délé, torí mo fẹ́ràn ìfètòsọ́mọbíbí inú apá yìí. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa ojú ibẹ̀ nìkan ló dùn mí. Ọ̀pá rírọ̀ méjì ni, bí igi ìṣáná. Tí mo bá ń wẹ̀, mo máa ń fi ìka kàn wọ́n lábẹ́ awọ. Kò sí oògùn tí mo lè gbàgbé lálẹ́, kò sí páálí tẹ́nikẹ́ni máa rí nínú báàgì mi. Nínú 100 obìnrin tó bá lò ó fún ọdún kan, iye tó máa lóyún kì í pé ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sí i, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ fún mi. Ká ní wọ́n sọ ọ́ ni, n kì bá tí máa jí lóru, kí n máa rò pé jẹjẹrẹ ni.

Lọ́sẹ̀ kejì mo padà lọ, mo bá nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan. "Jókòó, ọmọ mi. Kí ló ń dà ọ́ láàmú nínú ẹ̀?" Ó gbọ́ mi tán pátá. Ó ní oògùn inú rẹ̀ ló sọ ara ilé ọmọ di fẹ́lẹ́, òun ló jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa wá nígbàkigbà. Ó ní òun lè fún mi ní ibuprofen, oògùn ìrora, fún ọjọ́ márùn-ún wò, bóyá ẹ̀jẹ̀ náà á dín kù. "Àmọ́ tó o bá ní kí n yọ ọ́ lónìí, màá yọ ọ́ lónìí. Apá tìẹ ni."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ara mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ibuprofen ni mo gbà lọ sílé. Ọ̀pá méjèèjì ṣì wà lápá mi.

Àbúrò mi obìnrin ti fẹ́ ṣe tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò bẹ̀rù àhesọ pé ọ̀pá náà máa ń rìn lọ sínú ọkàn. Ọjọ́ tí mo sunkún wọlé ló yí i lọ́kàn padà. "Tí wọn ò bá wá yọ ọ́ fún mi ńkọ́?" Mo kọ ọjọ́ tí màmá nọ́ọ̀sì yẹn máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ fún un.

Máàkì tí mo fún ọ̀pá inú apá yìí: 5 nínú 5.