Mo gbé kámẹ́rà gun òrùlé nínú òjò

Iṣẹ́ òrùlé ni mò ń ṣe, n kì í ṣe onífọ́tò. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó ń wá kámẹ́rà tí yóò fi ya ìyàwó má bàa gbé ẹjọ́ wá bá mi. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń kan páànù nílùú Ìbàdàn, láti Òkè Àdó dé Àpáta, láti Bẹẹrẹ dé Mọ́níyà. Òjò ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ oníkámẹ́rà.

Òrùlé tó ń jò kì í jẹ́wọ́ lójú oòrùn. Tí ẹ bá gùn ún lọ́sàn-án gangan, gbogbo páànù ló jọra, gbogbo ìṣó ló dúró bí ọmọlúàbí. Ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́ lẹ tó ń rí ibi tí omi ń gbà wọlé. Ẹni tó sì ni ilé lè má sí nítòsí. Ọmọ wà ní Kánádà, ìyá wà ní Òkè Àdó. Ọmọ ló ń sanwó, ìyá ló ń gbé báàfù káàkiri yàrá. Ọmọ á ní, "Ọ̀gá, ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ kí n rí ohun tí mò ń sanwó lé lórí." Mi ò bá a jà. Àwọn kan nínú wa ti gba owó páànù tuntun rí, ọ̀dà ni wọ́n fi kun ògbólógbòó.

Fóònù ni mò ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: tí omi bá ti kán sójú fóònù, kò mọ ìka olówó rẹ̀ mọ́. Ẹ tẹ kámẹ́rà, ẹ̀rọ ìṣirò ló máa ṣí. Lọ́jọ́ kan lórí òrùlé kan ní Mọ́lété, fóònù pe ìyá ìyàwó mi fúnra rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ gbogbo èpè tí mo ṣẹ́ fún ìṣó kan tó tẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Fóònù méjì ni òjò ti pa fún mi. Lẹ́yìn ìkejì ni mo gba Dùgbẹ̀ lọ.

Ohun tí mo rà ni Olympus Tough TG-6. Ọdún 2019 ló jáde. Ẹ̀ka kámẹ́rà Olympus ti bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn ní 2021, OM System sì ni wọ́n kọ sára àbúrò rẹ̀, TG-7, tó jáde ní 2023. Tòkúnbọ̀ ni tèmi. Owó rẹ̀ tó owó iṣẹ́ ilé kékeré méjì. Ìyàwó mi ò tíì gbọ́ iye náà gan-an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ti ẹnu yín gbọ́.

Àwọn tó ṣe é ní ó lè wọ omi tó jìn tó mítà 15. Wọ́n ní ó lè já bọ́ láti mítà 2.1, pé ẹrù 100 kìlógíráàmù lè gùn ún kó má fọ́, kódà pé yóò máa ṣiṣẹ́ nínú òtútù tó fi ìwọ̀n 10 lọ sísàlẹ̀ òdo. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, kí la fẹ́ fi ṣe n'Íbàdàn, àfi tí mo bá gbé e sínú fíríìsà ẹlẹ́ja. Ti omi ni mo mú ní ọ̀kúnkúndùn. Kámẹ́rà náà ní ilẹ̀kùn kékeré méjì, ọ̀kan fún bátìrì àti káàdì, ọ̀kan fún ibi tí a ń ki wáyà sí. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ẹnu ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn po ni kò jẹ́ kí omi wọlé, àwọn tó ṣe é sì ní kí a máa pààrọ̀ rọ́bà náà lọ́dọọdún. Ta ló mọ ọjọ́ orí rọ́bà tòkúnbọ̀? Mo ní kí ọmọkùnrin tó ń tà á rì í sínú gárawá omi kí n tó kówó sílẹ̀. Ó wò mí, ó wo kámẹ́rà. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin gan-an ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́." Ló bá rì í. A jókòó tì í bí ẹni ń se ẹ̀wà. Nígbà tó yọ ọ́, ojú rẹ̀ ṣì ń tàn, ó sì fi ya èmi àti gárawá náà pọ̀. Fọ́tò yẹn ló kọ́kọ́ wà nínú káàdì mi títí dòní.

Ilé Màmá kan ní Òkè Àdó ni mo ti kọ́kọ́ gbé e ṣiṣẹ́. Ilé bàbá wọn ni, páànù ayé àtijọ́ tó ti pọ́n bí epo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀mejì ló tún jò, sórí ibùsùn wọn gan-an. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ṣú láti ọ̀nà Eléyẹlé, mo fò lé ọ̀kadà kó tó bẹ̀rẹ̀. Màmá ṣílẹ̀kùn fún mi, báàfù wà lọ́wọ́ wọn.

"Kápẹ́ńtà, ẹ káàbọ̀. Ẹ wá bá mi gbé e ni?"

"Ẹ má bínú, Mà. Lónìí a máa mú un."

"Ẹ máa mú ta ni? Ìbàdàn tí olè ti ń jàre olóhun lẹ wà yìí o."

Mo gbé àkàsọ̀ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ká pákó àjà kan kúrò, mo sì gba ibẹ̀ wọlé. Inú àjà dúdú biribiri. Òjò ń lu páànù bí ẹni ń da àgbàdo sórí irin, mi ò gbọ́ ohun tí Múfú, ọmọ iṣẹ́ mi, ń sọ nísàlẹ̀. Mo tan iná kékeré tó wà níwájú kámẹ́rà. Gbogbo ọkàn mi ni pé òkè ibùsùn ni ihò wà, torí ibẹ̀ ni omi ń kán sí. Àṣé omi tàn mí jẹ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ìlà omi kan, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ, ń rìn lábẹ́ igi tó gbé páànù, ó ń dán nínú iná náà bí ọ̀nà tí ìgbín gbà kọjá. Mo ń rákò tẹ̀lé e, mo ń yà á bí mo ṣe ń lọ. Ó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí òkè ibùsùn kí n tó rí orírun rẹ̀. Ìṣó kan ni, nítòsí ṣóńṣó òrùlé. Ẹni tó kàn án kàn án sínú kòtò páànù dípò orí ìlà tó yọ sókè. Inú kòtò yẹn ni omi ń gbà ṣàn, nítorí náà ìṣó tó bá wà níbẹ̀, abẹ́ omi ló ń gbé ní gbogbo ìgbà òjò. N ò lè búra pé kì í ṣe èmi ni mo kàn án.

Mo dúró kí òjò dẹ̀ kí n tó gun òkè. Òjò wínníwínní ò dí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí àrá bá ti sán, ilẹ̀ ni mo wà. Èmi, páànù àti àkàsọ̀ irin, a ò gbọdọ̀ jọ wà lókè nígbà yẹn. Kámẹ́rà yìí lè sún mọ́ nǹkan títí dé sẹ̀ǹtímítà 1, yóò sì gbé e tóbi sójú rẹ̀. Mo gbé e lé ìṣó náà tààrà. Rọ́bà abẹ́ orí ìṣó ti gbẹ, ó sán bíi gìgísẹ̀ àgbàlagbà nígbà ọyẹ́. Ojú mi lásán ò rí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, síǹkì tí wọ́n fi bo irin ti ṣí, ìpẹtà sì ti jẹ ihò kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Omi wà nínú ihò náà bí omi ojú.

Kámẹ́rà náà ní Wi-Fi, a sì ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní OI.Share tó ń gbé fọ́tò lọ sórí fóònù. Kí n tó tu àkàsọ̀, fọ́tò ti dé Kánádà. Bùọ̀dá, ọmọ Màmá tó ń sanwó, fi ohùn ránṣẹ́: "Ọ̀gá, inú ihò yìí ni owó mi ń gbà lọ láti ọdún méjì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Sà.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ló dùn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Fọ́tò bí ogún tó ṣáájú, ìdọ̀tí ni. Omi ò pa kámẹ́rà, òótọ́, ṣùgbọ́n omi máa ń kán sórí gíláàsì iwájú rẹ̀, ẹ̀kán omi kan sì tó láti sọ odindi òrùlé di èéfín. Mo wá rí ọgbọ́n rẹ̀. Mo so àkísà òwú mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, mo ń nù ún ṣáájú gbogbo fọ́tò, mo sì ń dorí rẹ̀ kodò títí mo fi fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Fìlà tó ní etí níwájú náà ń ṣèrànwọ́. Ohun kejì ni iná fọ́tò tó ń bù yẹ̀rì. Tí ẹ bá jẹ́ kó bù nínú òjò, gbogbo ẹ̀kán omi tó wà láàárín yóò di róbótó funfun, bí ìgbà tí àwọn iwin ń ṣe ìpàdé. Ẹ pa á. Ẹnu gíláàsì rẹ̀ ṣí dé f/2 tí ẹ ò bá fà á jìnnà, ìyẹn ni pé ó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wọlé, ó sì tó fún ọ̀sán tí òjò ṣú.

Bọ́tìnì ni mo fẹ́ràn jù. Ọwọ́ tútù, ọwọ́ ọ̀dà, ó ń gbọ́. Mo lè tẹ̀ ẹ́ láìwò ó.

Ó ti já bọ́ lọ́wọ́ mi. Orí àkàsọ̀ ni mo wà, ó gbalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó ta, ó bọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gbe omi òjò, ó sì rì ṣìn-ìn. Ẹ má rò pé yóò léfòó, kì í léfòó. Múfú ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé èjìká kó tó rí i. Igun rẹ̀ kan họ, kò sí ohun mìíràn tó ṣe é.

Bátìrì kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní ìdájí ọjọ́ kan, ẹ̀bi tiwa ni. Bọ́tìnì kan tí a ń fi ìka tì wà lórí rẹ̀ tí wọ́n kọ LOG sí, tó ń ṣàkọsílẹ̀ ibi tí ẹ gbé e gbà. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní títàn, ó ń jẹ bátìrì lọ kódà tí ẹ bá ti pa kámẹ́rà. Múfú ló tàn án, èmi ni mi ò wò ó. Ó dára pé wáyà ni a fi ń gba iná sí i, a lè fi páwà báǹkì ṣe é nígbà tí kò bá síná. Kí ẹ tó ki wáyà tàbí kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ padà, ẹ fi ìka gbá etí rọ́bà náà wò. Ìyẹ̀ pákó ni ọ̀tá tèmi. Irun kan ṣoṣo tàbí ìyẹ̀ pákó díẹ̀ tó bá há síbẹ̀, omi ti rọ́nà nìyẹn.

Mo gbé e lọ sórí òkè Mápó ní Sunday kan, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè ṣe nǹkan tí kì í ṣe iṣẹ́. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n parí ní 1929 yẹn, òjò ń bọ̀ láti ọ̀kánkán. Gbogbo páànù ìsàlẹ̀ pọ́n, lẹ́yìn náà ó ṣókùnkùn lẹ́sẹẹsẹ bí omi ṣe ń dé orí wọn, ilé kan sí èkejì, bí ẹni ń tẹ́ aṣọ. Mo ya gbogbo rẹ̀. Àwọ̀ ìpẹtà tó tutù yẹn, kámẹ́rà náà mú un dáadáa. Àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ fa Ilé Kòkó mọ́ra, ìlọ́po mẹ́rin péré ló lè fà, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà sì dúró bíi pẹ́ńsù lókèèrè. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹyọ ẹyọ bíi gààrí. Ibi tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ kò tó èékánná ọmọńdinrín, bí gbogbo kámẹ́rà tó kéré báyẹn ṣe rí nìyẹn. Kò sì ní ihò tí a ń fi ojú kan wò, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lẹ máa wò. Lójú oòrùn gangan, ojú ara yín lẹ máa rí níbẹ̀.

Onífọ́tò ayẹyẹ, ẹ má rà á, gbọ̀ngàn òru ò bá a mu. Ẹ̀yin tó ń ṣe òrùlé, ẹ̀yin oníborehole, ẹ̀yin tó ń ṣọ́ ilé fún ẹni tó wà lókè òkun, àti ẹni tó ń wo bí odò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ṣe ń kún sí i, ẹ lọ wò ó. Mégápíṣẹ̀lì 12 tó fún WhatsApp, ó tó fún ìwé tí ẹ máa tẹ̀ jáde pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n rì í sómi lójú yín.

Òjò ńlá tún rọ̀ lóru ọjọ́bọ̀. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, Màmá Òkè Àdó pè mí, àyà mi já. Wọ́n ní kí n máa gbé kámẹ́rà bọ̀. Mo ní, "Mà, ṣé ó tún jò ni?" Wọ́n ní rárá, wọ́n fẹ́ kí n ya báàfù náà bó ṣe gbẹ, kí Bùọ̀dá lè rí i.