Paràbọ́ọ̀lù oní-mọ́tọ̀ l'Ájàṣẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún wa dáa gan

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, àwọn ọmọ tó ń ṣe paràbọ́ọ̀lù, àwo tẹlifíṣọ̀n tí mọ́tọ̀ ń yí láti sátẹ́láìtì kan sí òmíràn, nítòsí ọjà Ouando yẹn mọṣẹ́ o. Ohun tó wù mí jù ni bí wọ́n ṣe fara balẹ̀ sórí pólù tó gbé àwo náà dúró, wọ́n ń fi lẹ́fẹ̀ẹ̀lì wò ó títí tó fi dúró ṣánṣán, torí tó bá fi tẹ̀ díẹ̀ báyìí, sátẹ́láìtì àárín lè wọlé dáadáa kí àwọn tó wà lápá ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn má wọlé rárá. Wọ́n wá tẹ ibi tí Àjàṣẹ́ wà lórí máàpù, dìgírì 6.5 àríwá àti 2.6 ìlà oòrùn, sínú dékódà, USALS, ìyẹn ètò kan nínú dékódà, fúnra ẹ̀ ló ń ṣírò ibi tí mọ́tọ̀ máa yí sí. Sátẹ́láìtì tó wà ní dìgírì 3 ìlà oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí wa gan, bíi 82 dìgírì sókè láti ilẹ̀ (90 ni òkè orí gangan), torí a ò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Ó dùn mọ́ mi gan, ṣánẹ́ẹ̀lì ọ̀fẹ́, kò sí owó oṣooṣù! Mọ́tọ̀ náà lọ́ra ṣá, tẹ́ ẹ bá kúrò lápá kan lọ sí èkejì ẹ máa dúró díẹ̀, tí òjò ńlá bá sì ń rọ̀ àwòrán á máa já. Ẹ ní kí wọ́n fi rọ́bà dí ẹnu wáyà dáadáa kómi má wọ̀ ọ́.