Plọ́ọ̀gì NGK CM-6 àti Àpótí Iná Rcexl fún Ẹ́ńjìnnì Bàálù Kékeré

Kò sí ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ nínú fífi rìmóòtù darí bàálù kékeré tó pé kí ẹ́ńjìnnì kú lójú òfuurufú. Nígbà tí mo gbé ẹ́ńjìnnì DLE-20 tó ń mu pẹtiróòlù sórí bàálù mi, plọ́ọ̀gì NGK CM-6 ti ilẹ̀ Jàpáànù àti àpótí iná Rcexl, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún plọ́ọ̀gì ní iná, ni mo lò pẹ̀lú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì tẹ́ mi lọ́rùn gidigidi.

Plọ́ọ̀gì náà kéré, nítorí pé ibi tí a ń yí wọ orí ẹ́ńjìnnì kò ju mìlímítà 10 lọ ní fífẹ̀. Kí n tó lo tuntun, mo máa ń fi gééjì wọn àlàfo ẹnu rẹ̀, kí ó wà láàárín mìlímítà 0.45 sí 0.5. Lẹ́yìn tí mo ti fi bàálù náà fò dáadáa, mo tú plọ́ọ̀gì wò, mo sì rí i pé tángaran tó yí irin àárín rẹ̀ ká ti ní àwọ̀ èlùbọ́, èyí tó fi hàn pé epo àti atẹ́gùn bára mu. Bí ó bá dúdú tó sì rin, epo tàbí ọ́ìlì ti pọ̀ jù. Bí ó bá funfun bí ẹfun, epo kò tó, ooru sì lè ba písítìnì jẹ́.

Àpótí iná ni iṣẹ́ pọ̀ sí lọ́wọ́ jù. Òòfà kékeré kan wà ní ìdí abẹ̀bẹ̀ iwájú. Bí ó bá ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ńsọ̀, àpótí á tú iná tó ti kó pamọ́ sí plọ́ọ̀gì. Nígbà tí a bá ń fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀, ó máa ń dá iná náà dúró díẹ̀ kí abẹ̀bẹ̀ má baà ta padà kó gé ènìyàn níka, àmọ́ bí eré bá ti ń pọ̀, á mú un yá títí dé nǹkan bíi dígírì 28 kí písítìnì tó dé òkè. Àwọn tó lo ẹ́ńjìnnì Brown Junior láyé ọdún 1930 sókè kò rí irú èyí. Kọ́ìlì, kọ̀ńdẹ́ńsà àti bátìrì tó wúwo ni bàálù wọn ń rù, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi sá tọ glow plug, plọ́ọ̀gì tó ń pọ́n fún ooru dípò kó máa ta iná, tí Ray Arden, ọmọ Amẹ́ríkà kan, gbé jáde ní 1947.

Fìlà orí plọ́ọ̀gì ni kí olùrà fi ojú sí jù. Lára ohun èlò olówó pọ́ọ́kú tí mo kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ ẹnì kan, fìlà náà ń mì. Bí mo ṣe tan ẹ́ńjìnnì nígbà tí bàálù ṣì wà nílẹ̀, ìrù bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan rìmóòtù, nítorí pé wáyà híhun tó bo okùn iná kò kan ara plọ́ọ̀gì, ariwo iná sì ń wọ inú rísífà, ìyẹn ẹ̀rọ inú bàálù tó ń gba àṣẹ rìmóòtù. Mo dúpẹ́ pé kò tíì gbéra nílẹ̀. Fìlà Rcexl tí mo ní báyìí mú plọ́ọ̀gì ṣinṣin. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ títí á fi dún kẹ́ṣẹ́. Ẹ má ṣe yí abẹ̀bẹ̀ nígbà tí àpótí bá wà ní títàn, tí plọ́ọ̀gì kò sì sí nínú fìlà tàbí tí ara rẹ̀ kò kan ẹ́ńjìnnì, nítorí pé iná tí kò rí ọ̀nà lọ lè jó àpótí náà. Bátìrì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kí ẹ sì fún un, kí ó má ṣe bá rísífà pín ọ̀kan.

Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti glow plug tẹ́lẹ̀, tó sì fẹ́ yí i sí ti plọ́ọ̀gì tó ń ta iná, kó má ra CM-6, nítorí pé kò ní wọ ihò náà. NGK ME-8 ni kó béèrè.